Ṣé Ọjọ́ Orí Bàálù Ló Ń Fa Ìjàǹbá?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo pé: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí bàálù Dana ti já sí Ìjú-Ìṣàgà lọ́dún 2012 ni mi ò ti wọ bàálù mọ́. Àbúrò mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Àbújá lóṣù Kejìlá, ọkọ mi sì ti ní a ò ní gba ọ̀nà ilẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Gbogbo ayé ló ń sọ pé tókunbọ̀ tó ti gbó ni wọ́n ń kó wá fún wa, pé òun ló fi ń já. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé kí n máa béèrè ọdún tí wọ́n ṣe bàálù kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìgbéyàwó o. Iṣẹ́ àtúnṣe bàálù ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ìdáhùn mi ni pé ẹ má da ara yín láàmú lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní ohun tí ogbó ń ṣe sí bàálù, màá sì sọ ọ́ fún yín láìfi bò. Ṣùgbọ́n tí a bá kó ìwé ìwádìí àwọn ìjàǹbá ńlá jọ, tí a kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí a ó máa bá pàdé ní ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé ni àléébù kékeré tí ẹnì kan ti rí, tàbí tó yẹ kó rí, tó sì jẹ́ kó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó já nígbà tí ọ̀dà ara wọn ṣì ń dán. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, bàálù Lion Air kan gbéra ní Jakarta lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, kò sì pẹ́ tó fi já sínú òkun. Èèyàn 189 ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yè. Bàálù náà kò tíì lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2019, ti Ethiopian Airlines gbéra ní Addis Ababa, òun náà já pẹ̀lú èèyàn 157. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ibẹ̀ la ti pàdánù Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú, àti Abíọ́dún Bashua tó ti ṣe aṣojú Nàìjíríà lókè òkun rí. Irú kan náà ni bàálù méjèèjì, Boeing 737 MAX. Wọ́n ti fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MCAS sínú rẹ̀, tó máa ń tẹ imú bàálù wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá rò pé imú náà ti ga jù. Ohun èlò kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ni kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nígbà tí ohun èlò yẹn bà jẹ́ tó ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́: bí àwọn awakọ̀ ṣe ń fa imú sókè ló ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún àwọn awakọ̀ kò sì dárúkọ ètò náà fún wọn kí ìjàǹbá àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú. Bàálù tuntun ni, owó ńlá ni wọ́n fi rà á, àmọ́ ìpinnu tí wọ́n ṣe nídìí tábìlì ti há sínú rẹ̀ kó tó kúrò nílé tí wọ́n ti ṣe é.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, láyé àtijọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1952, àwọn ará Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kan tí wọ́n ń pè ní Comet kó èrò láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Johannesburg. Òun ni bàálù oní-jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó kó èrò láyé, gbogbo ayé sì ń yọ̀ mọ́ ọn. Bàálù tó ṣe ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run nítòsí erékùṣù Elba lágbègbè Ítálì, ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1954, èèyàn 35 sì kú. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ tó kọ́kọ́ fò. Wọ́n dá gbogbo Comet dúró, wọ́n wò ó títí, wọn ò rí ìdí rẹ̀, wọ́n sì tún jẹ́ kó máa fò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, òmíràn já nítòsí Naples pẹ̀lú èèyàn 21. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé odidi Comet kan sínú àgbá omi ràgàjì kan ní Farnborough, tí wọ́n ń fi omi tì í nínú, tí wọ́n tún ń dẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń tì í nígbà tó bá gòkè tó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ ya. Irin rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ láti ibi igun àwọn ojú ihò tí wọ́n gé sí i lára, níbi tí ipá ti ń kóra jọ. Tí ẹ bá wọ bàálù, tí ẹ rí i pé fèrèsé rẹ̀ kò ní igun tó mú, ẹ rántí Comet. Ìwádìí yẹn kan náà ló mú kí David Warren, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Melbourne ní Ọsirélíà, máa ronú pé tó bá jẹ́ pé ohun kan wà nínú bàálù tó ń gba ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ sílẹ̀ ni, à bá ti mọ ohun tó ṣe é. Ibẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní àpótí dúdú ti wá.

Ní báyìí, mo ní màá sọ ohun tí ogbó ń ṣe. Àwa tí a ń tún bàálù ṣe kì í fi ọdún nìkan ka ọjọ́ orí rẹ̀. Iye ìgbà tó ti gòkè tó sì ti balẹ̀ ni a máa ń kà, nítorí ìgbàkígbà tó bá gòkè ni ara rẹ̀ ń wú díẹ̀, tó bá balẹ̀ a sì tún súnkì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1988, Boeing 737 ti Aloha Airlines ń lọ láàárín àwọn erékùṣù Hawaii nígbà tí òrùlé rẹ̀ níwájú ṣí kúrò lójú ọ̀run. Bàálù náà jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó ti fò ju ìgbà 89,000 lọ, inú afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun ló sì ti ń fò. Afẹ́fẹ́ gbé òṣìṣẹ́bìnrin kan jáde, òun nìkan ló kú, àwọn awakọ̀ sì gbé èrò tó kù balẹ̀. Ìyẹn ni ogbó. Síbẹ̀, ìwé ìwádìí sọ pé àwọn ìlà tó ya yẹn ti wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ni kò rí wọn. Èrò kan tiẹ̀ rí ojú ibi tó ya nígbà tó ń wọlé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàálù tó dàgbà tí wọ́n ń yẹ̀ wò dáadáa, tí wọ́n ń pààrọ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ lásìkò, màá gbé àwọn ọmọ mi sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n tún ṣe ṣákálá ni mo ń sá fún, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mélòó.

Àpẹẹrẹ àtúnṣe ṣákálá tí kì í kúrò lọ́kàn mi ni ti Japan Airlines. Lọ́dún 1978, Boeing 747 kan ha ìdí mọ́lẹ̀ nígbà tó ń balẹ̀ ní Osaka. Ògiri tó dí afẹ́fẹ́ inú bàálù mọ́ lẹ́yìn pátápátá bà jẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ Boeing sì wá tún un ṣe. Ó yẹ kí wọ́n fi odindi irin pẹlẹbẹ kan so ibẹ̀ pọ̀. Wọ́n gé irin náà sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni ìlà ríbẹ́ẹ̀tì (ìṣó tí a fi ń kan irin mọ́ irin) kan ṣoṣo ṣe wá ń ru ẹrù tó yẹ kó pín sórí méjì. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é. Ọdún méje ni bàálù náà fi fò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ògiri náà bẹ́, afẹ́fẹ́ já ìrù bàálù dànù, gbogbo ohun tí àwọn awakọ̀ fi ń darí rẹ̀ sì kú. Wọ́n bá a jà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó kọlu òkè. Èèyàn 520 kú, mẹ́rin péré ló yè. Kò tíì sí bàálù kan ṣoṣo tó pa tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà wálé, nítorí ilé ni ẹ̀rù ti ń bà yín.

Láàárín ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ kan, bàálù mẹ́ta já ní Nàìjíríà. Bellview já ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ó sì pa gbogbo èèyàn 117 tó wà nínú rẹ̀. Sosoliso já ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ó pa 108 nínú 110. ADC já ní Àbújá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, èèyàn 96 nínú rẹ̀ kú, Sultan Ṣókótó, Muhammadu Maccido, sì wà lára wọn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "tókunbọ̀ tó ti gbó" gba ẹnu gbogbo ènìyàn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Àwọn bàálù náà dàgbà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ìwádìí sọ.

Ti Sosoliso ló ń dùn mí jù. Ọmọ 60 láti ilé ìwé Loyola Jesuit ní Àbújá ló ń lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì, tí wọn ò dé ọ̀dọ̀ òbí wọn. Pásítọ̀ Bímbọ́ Odùkọ́yà náà bá a lọ. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ní àwọn awakọ̀ ń bọ̀ wálẹ̀ nínú òjò, wọ́n sì kọjá gíga tó yẹ kí wọ́n ti padà sókè tí wọn kò bá tíì rí ilẹ̀. Ìwé náà kò dúró níbẹ̀. Ó ní iná tó yẹ kó tàn sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ kò sí ní títàn. Ó tún ní gọ́tà oníkọnkéré kan yọ gọngọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà náà, bàálù sì lọ gbá a. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú èyí ni ọjọ́ orí bàálù? Ká ní bàálù tó jáde nílé iṣẹ́ lóṣù yẹn ni, gọ́tà yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀, òkùnkùn náà ì bá ṣì wà níbẹ̀.

Ti ADC, awakọ̀ gbéra nígbà tí ìjì ń jà lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ yí padà lójijì mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ti Bellview ló ṣòro jù láti mọ̀. Àwọn ará Ògùn àti Ọ̀yọ́ á rántí bí ìròyìn ṣe kọ́kọ́ ní Kíṣí ni bàálù já sí, tí wọ́n tiẹ̀ ní ọ̀pọ̀ èrò ṣì wà láàyè. Irọ́ ni. Abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló já sí, kò sí ẹni tó yè. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ ìwádìí ní àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló já a, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ohun kan tó jẹ́ pé èmi tí mo ti fọwọ́ sí ìwé bàálù rí kò lè kà á tán kí ara mi balẹ̀: pé àwọn àléébù wà lára bàálù náà, kò sì yẹ kí wọ́n jẹ́ kó gbéra lọ́jọ́ yẹn, àti láwọn ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ pàápàá. Wọ́n tún mẹ́nu ba iṣẹ́ àṣejù tí ọ̀gá awakọ̀ náà ti ń ṣe. Ẹnì kan ló fọwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Èyí rán mi létí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ wa tó kú ní Jeddah ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991. Èèyàn 261 ni, àwọn ará Nàìjíríà tó ń bọ̀ wálé sí Ṣókótó ló sì pọ̀ jù. Táyà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan pé afẹ́fẹ́ inú táyà méjì kò tó. Wọ́n fẹ́ fa afẹ́fẹ́ sí i, wọn ò rí èyí tí wọ́n máa ń lò, àkókò sì ń lọ, èrò ń dúró, ọ̀gá kan ní kí wọ́n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Táyà náà gbóná nígbà tí bàálù ń sáré láti gbéra, ó bẹ́, ó gbiná, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ bàálù tòun ti iná wọ inú ara rẹ̀.

Ní ti Dana, tó lé yín kúrò nínú bàálù, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012 ni. Èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, mẹ́fà sì kú nílẹ̀ ní Ìjú-Ìṣàgà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni bàálù náà. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú 17 tí wọ́n kúrò ní Àbújá, ẹ́ńjìnì kan ti dẹ́kun agbára. Àwọn awakọ̀ méjèèjì rí i, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé kan wà ní gbogbo yàrá awakọ̀ tí wọ́n to ìgbésẹ̀ sí, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀. Wọn ò ṣí i. Wọn ò yà sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn jù. Wọ́n forí lé Èkó, nígbà tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnì kejì náà kọ̀ láti dá wọn lóhùn. Bàálù tí ẹ́ńjìnì kan ti kú lára rẹ̀ ṣì lè balẹ̀ láyọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń ṣẹlẹ̀ láyé tí ẹ kò ní gbọ́ rárá. Mo mọ̀ pé ẹ pàdánù ẹnì kan tàbí ẹ mọ ẹni tó pàdánù ẹnì kan lọ́jọ́ yẹn. Ta ni kò mọ̀ nínú wa?

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí ẹni méjì tó kàwé, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, á jókòó ti irú àléébù bẹ́ẹ̀. Ìjàǹbá tó burú jù lọ nínú ìtàn ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bọ́ǹbù kan bú gbàmù ní pápákọ̀ Las Palmas, wọ́n sì darí àwọn bàálù lọ sí pápákọ̀ kékeré kan ní Tenerife, lára àwọn erékùṣù Spéìn. Boeing 747 méjì wà lára wọn, ọ̀kan ti KLM, ọ̀kan ti Pan Am. Kùrukùru bo ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí ẹnì kejì. Ọ̀gá awakọ̀ KLM, Jacob Veldhuyzen van Zanten, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà ilé iṣẹ́ náà, òun ló ń kọ́ àwọn yòókù ní bí a ṣe ń wa 747. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra nígbà tí wọn ò tíì ní kó gbéra, Pan Am sì ṣì wà lójú ọ̀nà kan náà níwájú rẹ̀. Ẹlẹ́ńjìnì, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ bàálù, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́ ohun tí Pan Am sọ lórí rédíò, ó sì béèrè bóyá bàálù náà kò tíì kúrò lójú ọ̀nà ni. Ọ̀gá dáhùn pé ó ti kúrò. Ẹlẹ́ńjìnì náà panu mọ́. Èèyàn 583 ló kú.

Àwa Yorùbá mọ bí ìpanumọ́ yẹn ṣe ń rí. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í já àgbà nírọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn Tenerife, àti lẹ́yìn àwọn ìjàǹbá bíi rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbogbo awakọ̀ pé kí èyí àbúrò máa sọ̀rọ̀ sókè tó bá rí ewu, kí ẹ̀gbọ́n sì máa gbọ́. Wọ́n tún yí èdè orí rédíò padà, débi pé wọn kì í pe ọ̀rọ̀ ìgbéra mọ́ àfi nígbà tí wọ́n bá ń fún bàálù láṣẹ láti gbéra tàbí tí wọ́n bá ń gba àṣẹ náà padà. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yìí ti dá ẹ̀mí sí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun lọ. Kò tíì wọ gbogbo yàrá awakọ̀ tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, bàálù Associated Airlines tó gbé òkú Gómìnà tẹ́lẹ̀ Olúṣẹ́gun Agagu lọ sí Àkúrẹ́ já kété tó kúrò nílẹ̀ ní Èkó. Ohùn inú ẹ̀rọ ti ń kígbe sí àwọn awakọ̀ pé ohun kan lára apá bàálù kò sí níbi tó yẹ fún ìgbéra. Wọ́n ń sáré lọ.

Ohun tó yí padà nílé wa kò kéré. Òfin ọdún 2006 ló fún àjọ NCAA, tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú, lágbára láti dá dúró, kí òṣèlú má bàa máa pe wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n jẹ́ kí bàálù kan lọ. Wọ́n yọ àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá kúrò lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, òun ni wọ́n ń pè ní NSIB báyìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, Amẹ́ríkà gbà pé ìṣọ́ tí Nàìjíríà ń ṣe tó ìwọ̀n tí ayé ń bá lò. Dana ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, mi ò gbàgbé. Àmọ́ tí a bá yọ hẹlikópítà àti àwọn bàálù kékeré tí wọ́n ń háyà kúrò, láti ìgbà Dana, bàálù ńlá tó ń ná Èkó sí Àbújá lójoojúmọ́ kò tíì já pẹ̀lú èrò mọ́ títí mo fi ń kọ èyí.

Nítorí náà, dípò ọjọ́ orí, ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìwé ìwádìí NSIB. Ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ìjàǹbá ńlá nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ẹ ó rí àwọn tí táyà wọn bẹ́, àwọn tó sá kúrò lójú ọ̀nà, àti ohun tí àjọ náà ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ tún ṣe. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń padà wá léraléra lórí ohun kan náà ni kí ẹ yẹra fún.

Lóṣù Kejìlá, ọyẹ́ máa ń bo Àbújá, bàálù á sì máa pẹ́ tàbí kí wọ́n fagi lé e. Ẹ ó rí àwọn èrò tí wọ́n á máa bú àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n á máa lu káńtà. Ẹ má bá wọn dá sí i. Awakọ̀ tó ní òun ò lọ nítorí ojú ọjọ́ ń ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe ní Àbújá lọ́jọ́ yẹn lọ́dún 2006. Tí ẹ bá wọlé, ẹ ka iye ìlà àga tó wà láàárín yín àti ilẹ̀kùn tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ lè fọwọ́ wá a nínú èéfín. Ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì wà lára yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jókòó. Tí wọ́n bá ní kí ẹ sá jáde, ẹ fi báàgì sílẹ̀, títí kan èyí tí aṣọ ẹbí wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbéyàwó, kó má di pé ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó gbéra.